Ṣé Kẹ̀kẹ́ Lè Dé Abẹ́ Olúmọ? Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ jọra débi pé mo ní kí n kó wọn pọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń béèrè ni pé, ẹni tó wà lórí wheelchair, ṣé ó ṣì lè lọ wo àwọn ibi àtijọ́ tó wà nínú ihò, lábẹ́ àpáta tàbí lábẹ́ ilẹ̀, àbí kó kàn jókòó sílé kó máa wo fọ́tò tí àwọn ẹlòmíì yà bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà mí tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí mi, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti wà lórí kẹ̀kẹ́, inú Abẹ́òkúta yìí náà ni mo sì ń gbé e kiri, ìlú tó jẹ́ pé tó ò bá máa gòkè, wàá máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́:

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 74. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, wheelchair ni wọ́n ń lò. Ọmọ Ìkìjà ni wọ́n, àmọ́ Èkó la wà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún fojú kan yàrá abẹ́ Olúmọ tí ìyá ìyá wọn máa ń sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn. Mo pe ẹnìkan tó mọ ibẹ̀, ó ní kí n ṣáà máa gbé màmá bọ̀, pé kò sí wàhálà. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ọmọ Ìkìjà, l'Ékòó."

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún ẹ.

"Kò sí wàhálà" yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá ẹ sọ. Mi ò sọ pé ẹni tó sọ ọ́ ń purọ́ o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń rìn, kò ka àtẹ̀gùn rí láyé ẹ̀, tó bá gun mẹ́ta tàbí mẹ́wàá kò mọ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Àmọ́ ní tàwa, àtẹ̀gùn kan péré ló máa sọ bóyá a wọlé àbí a jókòó síta. Torí náà, má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé "ṣé wheelchair lè wọ ibẹ̀", torí kò sí wàhálà náà ni wọ́n máa sọ. Iye ni kó o máa bi wọ́n. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti géètì dé ibi tí màmá ń lọ gan-an? Ibi tó há jù lójú ọ̀nà, ínṣì mélòó ni? Lífítì ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, mi ò sọ lóṣù tó kọjá o, lónìí, ibo ló ń gbé èèyàn dé, kí ló sì wà láàárín ibi tí lífítì ti máa já yín sílẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ? Ẹni tó bá fi iye dá ẹ lóhùn, ìyẹn ló mọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ iye, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o pe ẹlòmíì.

Ọdún 1976 ni ìjọba ṣí Olúmọ fún àwọn tó ń wá ṣèbẹ̀wò, nígbà tó di 2006 wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì gbé lífítì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà. Ó wúlò púpọ̀, torí àpáta tó ga tó mítà 137 sí ojú òkun kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa ti wheelchair gùn. Béèyàn bá dé òkè, á rí gbogbo ìlú nílẹ̀, páànù tó ti pọ́n lọ rẹrẹẹrẹ, á rí ọ̀gangan Aké níbi tí St. Peter's wà, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, á tún rí odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ni màmá sọ pé àwọn ń lọ. Ihò ni wọ́n ń lọ. Ọ̀tọ̀ ni lífítì, ọ̀tọ̀ ni ihò, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe nìyẹn, wọ́n gbọ́ pé lífítì wà, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ihò yẹn, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, abẹ́ òkúta náà ló wà lóòótọ́, òun ló bí orúkọ ìlú wa. Òrùlé ẹ̀ ò ga. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an, ó máa tẹ̀ ba kó tó wọlé. Yàrá márùn-ún ni wọ́n pín in sí, òkúta ni ilẹ̀ ẹ̀, kò sì tẹ́jú, àwọn ihò kéékèèké tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ata wà lára òkúta náà títí dòní. Bó o bá fojú inú wo táyà kékeré iwájú wheelchair lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wàá mọ ohun tí mò ń sọ, á kàn há síbẹ̀ ni, ẹni tó ń tì í á sì ta màmá síwájú. Mi ò ní fi dídùn bò ó fún ẹ: kẹ̀kẹ́ ò lè wọ inú àwọn yàrá yẹn kó yí padà jáde. Jẹ́ kí màmá gbọ́ ọ látilé. Béèyàn bá mọ̀ látilé, ó lè gbà á. Èyí tó ń dunni ni kéèyàn rin ìrìn àjò láti Èkó, kó wọ aṣọ tó dáa, kó dé iwájú òkúta, kí wọ́n wá sọ fún un níbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Olúmọ yàtọ̀ sí ihò tó gbẹ́ wọ ilẹ̀ lọ ṣókùnkùn. Abẹ́ àpáta tó nà síta bí òrùlé àbáwọlé ilé ni, ẹni tó bá jókòó síwájú ẹ̀ ń rí inú ẹ̀. Torí náà ìbéèrè tìẹ gan-an ni pé báwo ni màmá ṣe máa dé iwájú ihò. Ìyẹn ni kó o rán ẹnìkan lọ wò. Àwọn baba wa náà ò kàn dédé kó wọbẹ̀, àwọn ọdẹ ló ti kọ́kọ́ débẹ̀ tí wọ́n mọ ibẹ̀ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó kó àwọn èèyàn wá lọ́dún 1830. O ò lè ṣaláìní ìbátan kan tó wà n'Íkìjà tàbí Ìtòkú. Kó mú téèpù télọ̀ dání, kó lọ lọ́jọ́ kan ṣáájú, tó bá lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an ó dáa jù torí ọ̀rọ̀ lífítì. Kó ya fídíò láti géètì títí dé iwájú ihò láìdánu dúró, kó máa ka àtẹ̀gùn sókè ketekete bó ṣe ń lọ. Kó má gbé fóònù sókè ojú o, kó gbé e wálẹ̀ sí orókún, torí ibẹ̀ ni táyà ti ń rí ayé, gegele kékeré tí ojú ò kà sí, fídíò tí wọ́n yà láti ìsàlẹ̀ máa fi hàn ẹ́. Ìwọ náà kó o wọn kẹ̀kẹ́ màmá sílẹ̀ níbi tó fẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 24 sí 27, fi ínṣì mẹ́ta mẹ́rin kún un nítorí ọwọ́, kí òkúta má bó wọn níka.

Tí fídíò bá dé, ìwọ kọ́ lo máa pinnu. Fi han màmá. Jẹ́ kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè sọ pé iwájú ihò ti tó àwọn, wọ́n lè sọ pé kí wọ́n gbé àwọn kọjá àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká jókòó sísàlẹ̀ nínú ọgbà kí àwọn máa wo àpáta náà lókè. Ìyá ìyá wọn ló sọ ìtàn fún wọn, àwọn ni wọ́n mọ ibi tó máa tó wọn.

Bó bá wá kan gbígbé, àtẹ̀gùn díẹ̀ ni mò ń sọ o, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fà wọ́n lápá òsì. Apá tí rọpárọsẹ̀ ti mú, eegun èjìká ẹ̀ ò dúró dáadáa mọ́, tí wọ́n bá fà á ó lè yẹ̀, ìrora yẹn á sì bá wọn délé. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ wọn nídìí. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gòkè àtẹ̀gùn: alágbára kan á di ọwọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, á fi táyà ńlá ti ara àtẹ̀gùn, á máa fà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnìkejì á wà nísàlẹ̀, á di irin ìdí kẹ̀kẹ́ mú. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ojú màmá á kọ sí ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dà sẹ́yìn díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń dì í mú ṣinṣin, ẹnìkejì á ṣì wà níwájú nísàlẹ̀. Ẹ má di ibi ìgbọ́wọ́lé mú, ẹ má di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé mú, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń yọ, màá sọ ohun tójú mi rí nípa ìyẹn láìpẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Àpáta tó tutù ń yọ̀, kò sí bí ẹni tó ń gbé wọn ṣe lágbára tó. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná, ẹ má lọ lọ́jọ́ ìsinmi ọdún nígbà tí èrò ń tira wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo tọ́lẹ́ẹ̀tì tó bá wọn lára mu kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kẹ́ ẹ mú tìmùtìmù tí wọ́n máa jókòó lé dání torí ìjókòó pípẹ́ ń dá egbò síni nídìí, omi náà, fìlà náà.

Lẹ́tà kejì, ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbí n'Ábẹ́òkúta, wheelchair ni mò ń lò láti kékeré. Kíláàsì wa fẹ́ lọ wo ihò àtijọ́ kan. Olùkọ́ wa ní kí n dúró nínú bọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní rárá, àwọn máa pọ̀n mí. Méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí ní alágídí. Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, o kì í ṣe alágídí. Ohun tí gbogbo wọn gbàgbé ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bi ẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú èmi rí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án báyìí, wọ́n pè mí síbi ayẹyẹ kan ní ibi àtijọ́ kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. A débẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Kí n tó lanu, ọkùnrin mẹ́rin ti gbé mi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ń kọrin bí ẹni gbé ìyàwó, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ṣe é, mo mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn di ibi ìgbọ́wọ́lé mú. Ní àtẹ̀gùn kẹsàn-án ó yọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ṣubú sí apá ọ̀tún, ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ tó ṣẹ́, wọ́n á so ó kọ́rùn, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi ni ẹsẹ̀ mi. Oṣù méjì àtààbọ̀ gbáko ni mi ò fi lè ti ara mi láti yàrá dé kíṣìnnì. Inú ò bí mi sí àwọn ọmọkùnrin yẹn títí dòní. Ohun tó ń dùn mí ni pé ká ní ẹnìkan bi mí, ìṣẹ́jú kan ni mi ò bá fi fi ibi tí wọ́n máa dì mú hàn wọ́n.

Torí náà ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ẹ́ nìyí. Lọ bá olùkọ́ yín kí ọjọ́ tó pé, ìwọ nìkan, lọ́wọ̀lọ́wọ̀, bá wọn sọ ọ́ ní iye bí mo ṣe sọ lókè yẹn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ iye àtẹ̀gùn, sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rí ẹni tó máa lọ wò ó. Bí kẹ̀kẹ́ ẹ bá jẹ́ oníbátìrì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e lórí àtẹ̀gùn, ó wúwo kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì lè ya ẹni tó ń gbé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n pọ̀n ẹ́, ìwọ lo mọ ara ẹ, àwọn kan ò kọ̀ ọ́, mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àbúrò ẹ̀ pọ̀n lọ sí ibi púpọ̀ tí inú ẹ̀ sì dùn, àmọ́ ilẹ̀ títẹ́jú ni, kì í ṣe òkúta tó ń yọ̀. Nínú ihò tí òrùlé ti rẹlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ni orí ẹ̀ máa kọ́kọ́ bá òkúta pàdé. Bó o bá gbà, kó jẹ́ pé ìwọ lo gbà. Bó o bá kọ̀, sọ fún wọn pé kí ẹnìkan pè ẹ́ lórí WhatsApp, ìpè olójúkojú, látinú ihò kí olùkọ́ máa ṣàlàyé tí ìwọ náà fi ń béèrè ìbéèrè látìta, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀yin méjì mẹ́ta jọ wà níta, kì í ṣe ìwọ nìkan pẹ̀lú dírẹ́bà.

Kó o mọ èyí náà o. Òfin wà. Òfin tó kà á léèwọ̀ kí wọ́n máa ya àwa akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, ti ọdún 2018, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní January 2019. Ó fún àwọn ilé àti ibi tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní January 2024. Ìjọba àpapọ̀ náà ní àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa, National Commission for Persons with Disabilities. Mi ò ní kó o gbé olùkọ́ ẹ lọ sí kóòtù. Mò ń sọ ọ́ kó o lè mọ̀ pé nígbà tó o bá béèrè ọ̀nà, ẹ̀tọ́ ẹ lò ń béèrè.

Lẹ́tà kẹta, bàbá kan láti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ ló kọ ọ́ sí mi:

"Ọmọ mi, mo kí ẹ. Tíṣà ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi láti wá sí London, mo sì ti sọ fún wọn pé ibi kan ṣoṣo tí mo fẹ́ dé ni yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń darí ogun Hitler. Wheelchair ni mò ń lò láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi kan. Ọmọ mi obìnrin ní ibi àtijọ́ ni, abẹ́ ilẹ̀ sì ni, pé kò ní ṣeé ṣe. Kí lo rí sí i?"

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò. Ẹ bá mi kí àǹtí, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe dáadáa.

Churchill War Rooms, abẹ́ ilé ìjọba kan ní Whitehall ló wà. Ẹ̀yin ni tíṣà ìtàn, mi ò ní kọ́ yín, àmọ́ fún àwọn tó ń ka ìwé yìí: ọjọ́ 27 oṣù August 1939 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kéde ogun sí Jámánì, ìgbà 115 ni ìgbìmọ̀ ìjọba jókòó ìpàdé lábẹ́ ilẹ̀ yẹn kí ogun tó parí. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé. Lífítì ló ń gbé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ inú ẹ̀ sì tẹ́jú. Ọ̀nà inú ẹ̀ há láwọn ibì kan, torí náà ẹ lọ láàárọ̀ kùtù nígbà tí èrò ò tíì pọ̀. Wọ́n ní wheelchair tí wọ́n ń yáni níbẹ̀ tó bá jẹ́ pé tiyín ti fẹ̀ jù. Kí ọmọ yín búùkù ṣáájú, kó sọ pé wheelchair lẹ ń lò, kó sì béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń tẹ̀ lé yín láti ràn yín lọ́wọ́.

Ibi tó lè kó wàhálà bá yín rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wà nídìí àtẹ̀gùn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Clive Steps. Tí ẹ bá gba King Charles Street, orí àtẹ̀gùn yẹn lẹ máa yọ sí, ẹ máa rí ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀ ẹ ò sì ní lè dé ibẹ̀. Horse Guards Road ni kẹ́ ẹ gbà, ẹ̀gbẹ́ St James's Park, ibẹ̀ ò ní àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀, Westminster ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀, lífítì wà níbẹ̀ láti ìdí reluwé dé ojú títì, ẹ gba Great George Street, ẹ yà sọ́tùn-ún sí Horse Guards Road. Bọ́ọ̀sì gan-an ló rọrùn jù lójú tèmi: gbogbo bọ́ọ̀sì pupa London ló ní pákó tó ń yọ jáde láti ẹnu ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí wheelchair. Takisí dúdú wọn náà, kẹ̀kẹ́ ń wọ gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí i pé dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ní kí àwọn èèyàn sún kúrò kẹ́ ẹ lè ráyè, ẹ má tijú, ààyè yín ni.

Nípa ọkọ̀ òfuurufú, wheelchair yín kì í gba owó ẹrù. Kí wọ́n sọ fún ọkọ̀ náà ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú. Gbogbo ohun tó bá ń yọ lára kẹ̀kẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e dání wọ inú ọkọ̀, ìrọ̀rí ìjókòó náà, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé náà, torí nǹkan tí wọ́n bá jù sísàlẹ̀ ọkọ̀ lè sọnù.

Ọ̀rọ̀ àǹtí pé ibi àtijọ́ ni, mo fẹ́ fèsì sí i díẹ̀ torí ó ti ń sú mi ní gbígbọ́. Àtijọ́ kọ́ ni ìṣòro. Ihò iyọ̀ kan wà ní ilẹ̀ Pólándì, Wieliczka, ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ wa iyọ̀ níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún méje, àjọ UNESCO ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 1978, èrò ń wọ inú ẹ̀ dé mítà 135 lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì wá ọ̀nà, lífítì ń gbé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ wọ apá kan níbẹ̀ tó bá ti búùkù ṣáájú. Ẹ wá wo ihò egungun tó wà lábẹ́ Paris, tí kò jìn tó ìyẹn rárá, àtẹ̀gùn 131 ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, 112 ni wọ́n fi ń jáde, kò sí lífítì, àwa ò lè débẹ̀. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kọ iye yẹn síta gbangba sha. Ẹni tó kà á mọ̀ pé òun ò lè lọ, kò ní náwó, kò ní sunkún níwájú géètì. Ká ní gbogbo ibi tó wà n'ílẹ̀ wa ń kọ iye àtẹ̀gùn sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kọ owó ìwọlé, ìdajì lẹ́tà tí mò ń gbà ò ní sí.

Èyí tó kẹ́yìn kúrú. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú ló ní kí ọmọ òun bá òun kọ ọ́: "Àwọn tó ń ti Olúmọ bọ̀ máa ń yà lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan wà lórí kẹ̀kẹ́, gọ́tà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pákó tóóró ni mo tẹ́ lé e, kò lè kọjá. Ó ra lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo fẹ́ mọ bí màá ṣe ṣe é."

Ìyá mi, ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ wá káfíńtà, kó kan pákó tó nípọn, kó fẹ̀ tó ínṣì 36, kó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì kí táyà má yọ́ sí gọ́tà. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ga ju ojú títì lọ, gbogbo ínṣì kan tó bá fi ga, pákó gbọ́dọ̀ gùn tó ínṣì 12. Ìyẹn ni pé tó bá fi ínṣì mẹ́fà ga, pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Tó bá kúrú ju ìyẹn lọ ó ti ń dagẹ̀rẹ́ jù, kẹ̀kẹ́ á fẹ́ dojú dé sẹ́yìn. Tí kò bá sí ààyè fún pákó tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé àdìrẹ jáde wá bá a níta, ẹ tẹ́ ẹ lé itan ẹ̀ kó fọwọ́ kàn án, kó wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àti oníko tí wọ́n fi okùn so, bó ṣe máa wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an. Owó náà, òun ni kẹ́ ẹ bá na ọjà, kì í ṣe ẹni tó ń tì í.